irq 16: nobody cared – ta ló ń pe kernel tí kò dákẹ́?

tolu_dmesg

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Debian 12 ni mo ń lò, kernel 6.1, kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Gbàrà tí mo bá ti tàn án ni èyí ń jáde nínú dmesg (àkọsílẹ̀ ohun tí kernel, ọkàn Linux, ń sọ):

```
irq 16: nobody cared
handlers:
usb_hcd_irq
snd_ice1712_interrupt
Disabling IRQ #16
```

Láti ìgbà yẹn ni máòsì á ti máa fò kiri, ohùn á sì máa já. Mo ti fi `irqpoll` sínú GRUB (ètò tó ń bọ́ọ̀tù Linux). Máòsì sàn díẹ̀, ohùn kò yí padà. Ẹnì kan ní kí n yọ káàdì ohùn, torí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Káàdì nẹ́tíwọ̀kì kejì wà lórí PCIe tí n kò lò, mo ti fi blacklist (àkójọ dráífà tí kernel kò gbọdọ̀ gbé) dí dráífà rẹ̀.

baba_irq

Ẹ má tíì yọ nǹkan kan. Àwọn tí kernel to orúkọ wọn sábẹ́ "handlers" ni àwọn tó bi léèrè tí wọ́n sì ní "èmi kọ́ ni mo pè". Ẹni tó ń pè gan-an lè má sí níbẹ̀ rárá, torí kò ní dráífà tí yóò bá a dáhùn.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. IRQ ni nọ́ńbà ìlà tí ẹ̀rọ fi ń pe CPU. Ẹ̀rọ PCI tó bá ń pe CPU lórí ìlà INTx (ìlà ìpè àtijọ́ tí ẹ̀rọ púpọ̀ lè jọ lò) kì í jọ̀wọ́ ìlà náà títí ẹnì kan yóò fi dá a lóhùn. Dráífà kọ̀ọ̀kan tó jọ ń lo IRQ 16 á wo ẹ̀rọ tirẹ̀, á sì dá `IRQ_NONE` ("kì í ṣe tèmi") padà. Ká tó ṣẹ́jú, ìpè mìíràn ti dé. Bí ìpè 100,000 bá pé, tí èyí tí kò rí ẹni jẹ́ ẹ bá ju 99,900 lọ, kernel á ti ìlà náà pa. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹwàá péré ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí tí máòsì fi ń fò nìyẹn.

`irqpoll` kò wo àìsàn yìí, ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni: gbogbo dráífà ló ń bi léèrè ṣáá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ fi `noapic` sí i (ó ń pa IO-APIC, ẹ̀rọ tó ń pín ìpè fún CPU), ẹ má gbà. Ìyẹn á dá yín padà sí 8259, olùpín ìpè àtijọ́ tó ní ìlà 15 péré, àwọn ẹ̀rọ á tún wá há mọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ ṣe èyí, kí lspci lè to gbogbo ẹ̀rọ PCI yín:

```
sudo lspci -vv > /tmp/pci.txt
```

Ẹ wá `INTx+` (ó ń pè) lórí ìlà Status. Ẹ̀rọ tó bá ní in, tí ìlà Control rẹ̀ sì ní `DisINTx-` (wọn kò di ẹnu rẹ̀), òun ló ń pè. Ẹ má gbára lé nọ́ńbà IRQ tí lspci kọ sí ẹ̀rọ tí kò ní dráífà. Ohun tí BIOS kọ síbẹ̀ ló máa ń jẹ́. Ohun kan tún wà: PCI 2.3 ló mú bit INTx inú Status yìí wá. Lórí káàdì tó dàgbà jù ú lọ, `INTx-` kò dá a láre.

tolu_dmesg

Mo rí i:

```
03:00.0 Ethernet controller
  Control: ... DisINTx-
  Status: ... INTx+
  Interrupt: pin A routed to IRQ 11
```

Káàdì tí mo dí dráífà rẹ̀ náà ni!

baba_irq

Ọwọ́ ti bà á. Ó jọ pé BIOS ló jí i láti fi wá nẹ́tíwọ̀kì tí yóò ti bọ́ọ̀tù, tó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Dráífà rẹ̀ ni ìbá tún un tò, ẹ sì ti dí i. Irú rẹ̀ wà lórí àwọn MacBook tó ní Broadcom BCM4331: EFI (ohun tó dípò BIOS) ń fi WiFi sílẹ̀ ní títàn, títí wọ́n fi kọ ọ́ sínú `arch/x86/kernel/early-quirks.c` pé kí kernel kọ́kọ́ pa á.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò:

```
sudo setpci -s 03:00.0 COMMAND=0400:0400
```

Bit 10 nínú COMMAND ni, òun ló ń di ẹnu INTx. Ẹ má gbàgbé apá tó wà lẹ́yìn àmì méjì yẹn o. Bí ẹ bá yọ ọ́, gbogbo bit yòókù nínú COMMAND ló máa pa rẹ́. IRQ 16 kò ní ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ pa pipewire (ètò tó ń lo káàdì ohùn), kí ẹ wá ṣe `modprobe -r snd_ice1712`, lẹ́yìn náà `modprobe snd_ice1712`. Bí dráífà bá tún wá forúkọ sílẹ̀ lórí ìlà àjọlò tí wọ́n ti tì, kernel á tún ṣí i.

Bí máòsì bá tọ́, ẹ lọ pa bíbọ́ọ̀tù láti nẹ́tíwọ̀kì nínú BIOS. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ yọ blacklist kúrò, ẹ ṣe `update-initramfs -u`, kí ẹ kàn má lo káàdì náà. Ẹ má fi setpci ṣe oògùn: kò ní sí mọ́ bí ẹ bá tún un tàn, ìpè 100,000 sì lè pé kí systemd (tó ń bẹ̀rẹ̀ àwọn iṣẹ́) tó débẹ̀.

ayo_pcie

Fún ẹni tí kò bá rí `INTx+` kankan, tí nọ́ńbà `/proc/interrupts` (ibi tí kernel ti ń ka ìpè) sì ń ga sí i ṣáá: ẹ wo afárá PCIe sí PCI (èyí tó ń so ihò PCI àtijọ́ mọ́ PCIe). INTx kì í ṣe wáyà lórí PCIe, ìfiránṣẹ́ ni, Assert_INTx àti Deassert_INTx. Àwọn afárá kan máa ń gbé Deassert sọnù, IO-APIC á sì gbà pé wọ́n ṣì ń pè. Bí ẹ bá gbé káàdì lọ sí ihò mìíràn, wàhálà náà lè kó lọ sórí IRQ 17 tàbí 18. Máòsì á bọ́ níbẹ̀, àmọ́ káàdì fúnra rẹ̀ kò tíì bọ́.

kemi_modules

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ń kọ "Flags mismatch irq 16. 00000080 … vs. 00000000", dráífà á sì kọ̀ pẹ̀lú -16. Ṣé ọ̀kan náà ni?

baba_irq

Rárá, àìsàn mìíràn nìyẹn. -16 yẹn kò kan IRQ 16, EBUSY ("ọwọ́ dí") ni. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tó ń bọ̀, ìkejì jẹ́ ti ẹni tó ti wà níbẹ̀. 0x80 ni `IRQF_SHARED`: ẹni tó ń bọ̀ fẹ́ jọ lò ó, onílé kò gbà. Ẹ ṣí kóòdù dráífà tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn "vs.", kí ẹ wo `request_irq`. Ẹ má kàn fi `IRQF_SHARED` sí i lásán: handler rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè mọ ìpè tí kì í ṣe tirẹ̀, kó sì dá `IRQ_NONE` padà, `dev_id` (àmì ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà) kò sì gbọdọ̀ jẹ́ NULL (òfo).