Ọmọ ọdún márùn-ún ń lọ wo bọ́ọ̀lù fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Adámásìngbà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Àníkẹ́ béèrè pé:

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o. Ọmọ mi obìnrin, Àníkẹ́, yóò pé ọmọ ọdún márùn-ún nínú oṣù tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ mú un lọ wo eré bọ́ọ̀lù fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ní pápá ìṣeré Lekan Salami ní Adámásìngbà, Ìbàdàn, ní ọjọ́ Àìkú kan tí Shooting Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa, bá gba ẹgbẹ́ mìíràn lálejò.

Bàbá mi ni wọ́n dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti lè jókòó lórí itan ni wọ́n ti ń sọ fún un nípa ọdún 1976, nígbà tí ẹgbẹ́ náà, tí a ń pè ní IICC nígbà náà, borí Tonnerre ti Yaoundé, tí wọ́n sì di ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí yóò gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ó ti mọ orúkọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Múdà Lawal kí ó tó lè ka a, b, d tán. Ní báyìí, ó ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ọjọ́ wo ni òun yóò rí wọn, mo sì ti ṣàlàyé fún un pé àwọn mìíràn ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù náà báyìí.

Ìyàwó mi kò kọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Èkó ni ìyá rẹ̀ ń gbé ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, ọjọ́ tí Samuel Okwaraji ṣubú lulẹ̀ nínú pápá ní Sùúrùlérè nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù, tí kò sì dìde mọ́, tí àwọn òǹwòran kan pẹ̀lú sì kú nítorí pé èrò ti pọ̀ jù. Ẹni tí wọ́n bá ti ń sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún láti kékeré, a kò lè bá a wí bí ẹ̀rù bá ń bà á. Nítorí náà, mo fẹ́ mọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ti mú ọmọ lọ rí bóyá ọmọ ọdún márùn-ún kò kéré jù, ibi tí ó yẹ kí a jókòó sí, àti ohun tí a lè ṣe sí ariwo ìlù àti fèrè, nítorí pé ọmọ yìí máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo etí bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ ìlọta lásán.

Ìyá Ìbejì Ináléndé dáhùn pé:

Bàbá Àníkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ ọdún márùn-ún kò kéré jù, bí ẹ bá ti gbà lọ́kàn yín pé ojú yín yóò wà lára ọmọ ju ara bọ́ọ̀lù lọ ní ọjọ́ náà.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni àwọn ìbejì mi nígbà tí mo mú wọn lọ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni eré sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n aago mẹ́ta kò tíì kọjá tán tí a ti débẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹnu ọ̀nà ni wàhálà máa ń wà, nítorí pé gbogbo ẹni tó pẹ́ dé ni yóò fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ kékeré kò sì ga ju ìbàdí àgbàlagbà lọ, ìgbòǹwọ́ àti báàgì àwọn èèyàn ni yóò máa gbá a lójú. Bí ẹ bá tètè dé, ọmọ yóò rí pápá nígbà tí ó ṣì dákẹ́, ọkàn rẹ̀ yóò sì bá ibẹ̀ mu kí èrò tó kún. Àwọn tèmi rí ọkùnrin kan tó ń so àwọ̀n mọ́ òpó ilé bọ́ọ̀lù, Táíwò sì bi mí léèrè bóyá wọ́n fẹ́ fi pa ẹja ni. Títí di òní, àwọ̀n yẹn ni ó máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà.

Ní ti ìjókòó, ẹ jìnnà sí apá ibi tí àwọn onílù àti afunfèrè máa ń wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó dùn jù fún àgbàlagbà. Ẹ jókòó sí etí àtẹ̀gùn, kí ẹ lè dìde láìtẹ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀, kí ẹ sì kọ ẹ̀yìn sí ìwọ̀ oòrùn, nítorí pé oòrùn aago mẹ́rin máa ń wọ ọmọ lójú tààrà. Kí ó tọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ó tún tọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí eré bá ti lo bí ogójì ìṣẹ́jú, torí pé bí adájọ́ bá ti fọn fèrè ìsinmi, gbogbo èèyàn ni yóò dà síbẹ̀. Ẹ mú ṣòkòtò kan dání fún un pẹ̀lú.

Ẹ fi báírò kọ nọ́ńbà fóònù yín sí inú apá rẹ̀, níbi tí òógùn kò ti ní tètè pa á rẹ́, kí ẹ sì kọ́ ọ láti ilé pé bí kò bá rí yín mọ́, kí ó dúró sí ojú kan náà, kí ó má ṣe tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Ẹ óò rí ẹlẹ́pà níbẹ̀ dájúdájú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe da ẹ̀pà sí ọmọ lọ́wọ́ kí ẹ wá gbójú sókè máa wo bọ́ọ̀lù. Bí èrò bá ké lójijì tí ẹ̀pà wà lẹ́nu ọmọ, ó lè há a lọ́fun. Mo máa ń dúró di ìgbà ìsinmi, mo sì máa ń kà á fún wọn ní méjì-méjì.

Nọ́ọ̀sì Eléńtíì dáhùn pé:

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà, ọ̀rọ̀ ariwo nìkan ni n óò fẹnu bà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àgbàlagbà lè fara da ariwo tó tó 80 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n tí a fi ń wọn ariwo) fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n fún ọmọdé, 75 ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n. Bí ariwo bá ti fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta lé sí i, àkókò tí etí lè fara dà á yóò dín kù sí ìdajì. Fèrè gígùn oníke tí gbogbo ayé mọ̀ láti ìgbà ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2010 ní South Africa lè ju 110 lọ bí wọ́n bá fọn ọ́ nítòsí èèyàn. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, ìpín ọ̀sẹ̀ kan gbáko fún etí ọmọ yóò ti tán kí ìṣẹ́jú kan tó pé.

Ẹ ra ìbotí ńlá fún un, irú èyí tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ la igi máa ń dé sórí. Wọ́n ń ṣe ti ọmọdé pẹ̀lú. Òwú lásán kò lè dí ariwo tó bẹ́ẹ̀, àwọn fóòmù kéékèèké tí a ń ki sínú etí náà kò sì bá ọmọ ọjọ́ orí yìí mu, torí pé ó lè fi wọ́n sẹ́nu. Kí ó kọ́kọ́ máa dé e nílé nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ké, kí ó lè mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ó ń mú ariwo rọlẹ̀. Bí ẹ bá dé pápá lọ́jọ́ Àìkú tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kò ó lójú, yóò já a dànù.

Alàgbà Òkè-Àdó dáhùn pé:

Mo ka gbogbo ohun tí wọ́n sọ, ó sì dára. Síbẹ̀, èmi gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ má ṣe fi Adámásìngbà bẹ̀rẹ̀, mo sì ní ìdí.

Nígbà tí Ráṣídì Yẹkíní ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, mo gbé àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, lé èjìká lọ sí Liberty Stadium, tí a ń pè ní pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Inú mi dùn débi pé n kò bi ọmọ náà léèrè ohunkóhun. Eré kò tíì lọ jìnnà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ṣùgbọ́n ọ̀mì ni wọ́n ń ta, kò sì sí ohun tí ó lè gbé mi kúrò níbẹ̀. Mo ra gúgúrú fún un, mo ní kí ó mọ́kàn le bí ọkùnrin. Ó mọ́kàn le lóòótọ́: kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, bí mo bá ti tan rédíò láti gbọ́ bọ́ọ̀lù, yóò dìde wọ yàrá lọ. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ní àwọn pápá ilé-ẹ̀kọ́ girama káàkiri ìlú yìí, àwọn ọ̀dọ́ máa ń gbá bọ́ọ̀lù ní òwúrọ̀ Sátidé. Ẹ mú Àníkẹ́ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó dúró sí etí ìlà, kí ó gbọ́ dídún bàtà lára bọ́ọ̀lù. Bí ọjọ́ Adámásìngbà bá wá pé, ẹ bá a ṣe àdéhùn pé ìgbàkígbà tí ó bá ti ní ó tó ni ẹ óò kúrò, kí ẹ sì pa àdéhùn náà mọ́, ìbáà jẹ́ pé wọ́n fẹ́ gbá pẹnáritì.

Àǹtí Peckham dáhùn pé:

Ẹ kú ilé o. London ni mo wà, mo sì fara mọ́ ọ̀rọ̀ Alàgbà. Àwọn ilé ìṣeré ńláńlá pọ̀ níbí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Dulwich Hamlet ní Champion Hill ni mo kọ́kọ́ mú ọmọbìnrin mi lọ, ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń wọ aṣọ aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ àti aró. A dúró lẹ́bàá ìlà tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ bí aṣọ́lé ṣe ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórúkọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un. Nígbà tó yá, mo mú un lọ wo àwọn obìnrin Arsenal, ó sì bi mí bóyá ọmọ Yorùbá kan ti gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ rí. Mo sọ ìtàn Asisat Oshoala fún un, ọmọ Ìkòròdú tó ti FC Robo ní Èkó dé Arsenal, tó sì dé Barcelona, tó ti gba oyè obìnrin agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Bí Bàbá àgbà bá ń sọ ti Ọdẹ́gbàmí fún Àníkẹ́, ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n sọ ti Asisat mọ́ ọn.

Bàbá Àníkẹ́ padà wá:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. A lọ sí pápá ilé-ẹ̀kọ́ ní Sátidé méjì, a ra ìbotí, ó sì ń dé e kiri ilé títí ó fi sùn lọ pẹ̀lú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Bàbá mi ní àwọn kò ní jókòó sílé, nítorí náà, àwa mẹ́ta ni a lọ lọ́jọ́ Àìkú.

A jókòó sí etí àtẹ̀gùn gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ti wí. Àwọn tó ń gbé ẹni tó fara pa ni Àníkẹ́ ń wò ju àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ, ó sì bi mí ta ni ó ń fọ aṣọ adájọ́. Nígbà tí bọ́ọ̀lù kan kọ lu òpó, tí gbogbo èrò dìde tí wọ́n sì ké, ó ki orí bọ àyà mi, ó sì di aṣọ mi mú pinpin. Bàbá mi ṣí fìlà aláwọ̀ búlúù tí wọ́n dé, wọ́n fi bo ìbotí náà mọ́ ọn lórí, wọn kò sì sọ ohunkóhun. Nígbà tó ṣe, ó gbé ojú sókè.

Lẹ́yìn ìsinmi, nígbà tí eré ti lo bí ọgọ́ta ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀, ó ní ó tó, ẹ jẹ́ kí á lọ sílé. Ọ̀mì ni wọ́n ń ta. Mo jẹ́wọ́ pé ẹsẹ̀ mi wúwo, ṣùgbọ́n bàbá mi, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ti dìde kí n tó ronú tán.

A ti jáde, a ń rìn lọ sí apá Mọ́kọ́lá, nígbà tí igbe ńlá dún láti ẹ̀yìn wa. Àníkẹ́ dúró. Ó yọ ìbotí kúrò létí fúnra rẹ̀, ó tẹ́tí, ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé àwa ni a gbá a wọlé?" Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún wa, ṣùgbọ́n bàbá mi ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láàárín títì, òun náà sì gbé tirẹ̀.