Ẹ̀yin tó ti fi ọwọ́ ara yín mọ àpáta sínú táńkì ẹja, ẹ wá sọ bó ṣe rí

Ọmọ Gáà Àkànbí: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ mọ àpáta kékeré tó ní ihò sínú táńkì dígí mi, kí àwọn ẹja lè rí ibi sá pamọ́ sí. Owó èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ju agbára mi lọ. Ta ló ti fi sìmẹ́ǹtì ṣe é rí?

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà: Má tíì fọwọ́ kàn án o, jẹ́ kí n sọ tèmi. Fóòmù funfun tó wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n wa ni mo gé, mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ ihò sí i, mo po sìmẹ́ǹtì kọ́ńgò kan mọ́ yanrìn kọ́ńgò mẹ́ta, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dára débi pé àwọn ará ilé ń bi mí níbi tí mo ti gbé òkúta náà wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sá a. Ó gbẹ, ó le koko, mo bá gbé e sómi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, goldfish mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí àwọn ìbejì mi sọ lórúkọ ti kú, wọ́n léfòó. Omi yẹn ń yọ̀ lọ́wọ́ bí omi ọṣẹ. Àwọn ọmọ ò jẹun àárọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ṣì ń dùn mí.

Alfa Òkèlele: Pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ.

Bíríkìlà Ọjà-Ọba: Gbígbẹ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Sìmẹ́ǹtì lè gbẹ lójú kí ẹfun inú rẹ̀ má tíì jáde. Ẹfun yẹn ló ń gbé pH omi sókè, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bóyá omi kan tàbí ó dà bí omi eérú. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún mọ̀ ọ́n lára: bí èèyàn bá fi ọwọ́ lásán po ó látàárọ̀ dalẹ́, awọ ọwọ́ á bó. Ẹja tó wá ń fi omi rẹ̀ mí ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà: Ọjọ́ mélòó ló yẹ kí n rẹ ẹ́ nígbà náà, ẹ̀gbọ́n?

Olùkọ́ Òmù-Àrán: Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni mo máa ń rẹ tèmi sínú bàsíà ńlá. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ojoojúmọ́ ni mò ń da omi rẹ̀ nù. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ṣùgbọ́n mi ò gbẹ́kẹ̀ lé kíka ọjọ́. Mo máa ń fi bébà tí wọ́n fi ń wọn pH wo omi tó ti wà lórí rẹ̀ fún wákàtí 24, kí n tún fi wo omi kànga tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fà. Àfi tí méjèèjì bá dọ́gba. Ó sì ṣeé ṣe kí nǹkan mìíràn dá kún ikú ẹja yín, Ìyá Ìbejì: àmóníà tó ń jáde lára ẹja. Bí pH bá ṣe ń ga tó ni oró rẹ̀ ń pọ̀ tó.

Sàbó92: Tèmi léfòó.

Ọmọ Gáà Àkànbí: Ẹja yín?

Sàbó92: Àpáta ni. Fóòmù ṣáà ni inú rẹ̀. Ọ̀gànjọ́ òru ló já, ó gbé pọ́ǹpù dání lọ sókè. Fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí ìsàlẹ̀ nígbà tí táńkì ṣì gbẹ, kí o fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì títí òórùn kíkan yẹn á fi tán. Má ra èyí tí wọ́n kọ sí lára pé kì í jẹ́ kí ilé ìwẹ̀ hu. Oògùn inú rẹ̀ lè pa ẹja.

Ọmọ Amọ̀kòkò: Ẹ dákun, kí ló dé tí ẹ̀ ń tìtorí sìmẹ́ǹtì dààmú nígbà tí Dàda, àdúgbò àwọn amọ̀kòkò, wà nílùú Ìlọrin? Ìyá mi àgbà mọ ìkòkò títí ojú fi di bàìbàì. Amọ̀ tó ti jiná kì í da omi rú. Ṣebí inú àmù la ti ń mu omi látọjọ́ aláyé ti dáyé. Mo fi ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ ya dùbúlẹ̀, mo to àpáàdì lé e lórí, mo wá da yanrìn yí i ká. Inú rẹ̀ ni ẹpìyà mi wọ̀ nígbà tó kó ẹyin sẹ́nu. Ọjọ́ tó tu àwọn ọmọ jáde, mo pe gbogbo ilé wá wò ó.

Bíríkìlà Ọjà-Ọba: Èyí tí kò bá jiná dáadáa á di ẹrẹ̀ o.

Ọmọ Amọ̀kòkò: Ẹ fi ìka ta á, ẹ̀gbọ́n. Èyí tó jiná á dún bí agogo.

Ọmọ Ìfẹ́lódùn: Òkúta gidi ni mo lò ní tèmi, òkúta funfun láti Oreke. Ó ń dán gbinrin, kò sí wàhálà rírẹ.

Olùkọ́ Òmù-Àrán: Mábù nìyẹn! Àtòun àti ẹfun, ọmọ ìyá ni wọ́n. Fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lórí. Bó bá hó, á máa yọ́ sínú omi díẹ̀díẹ̀. Kò burú fún àwọn ẹja tí à ń pè ní cichlid tó wá láti adágún Malawi, torí pH 7.8 sí 8.6 ló bá wọn lára mu. Ẹja kékeré tí à ń pè ní tetra kò fẹ́ ẹ. Gíránáìtì tí wọ́n fi ń da kọnkéré kì í hó.

Ọmọ Ìfẹ́lódùn: Mo ti fún ọsàn sí i báyìí. Ó ń hó ṣìṣìṣì! Tetra ló wà nínú táńkì mi.

Sàbó92: Òkúta Ẹ̀sìẹ́ ńkọ́? Wọ́n ní ó rọ̀ láti gbẹ́.

Ọmọ Ìrẹ́pọ̀dùn: Má dábàá rẹ̀. Ère òkúta tó lé ní 800 ló wà ní Ẹ̀sìẹ́, ilé tí wọ́n ṣí fún wọn ní 1945 ló sì kọ́kọ́ jẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà. Ṣé ohun tó ń gbé ẹja ni?

Sàbó92: Mi ò pe ère o. Òkúta inú igbó ni mo wí.

Ọmọ Ìrẹ́pọ̀dùn: Báwo lo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ àfọ́kù ère? Fi í sílẹ̀ síbi tó wà.

Alfa Òkèlele: Mo gbè é lẹ́yìn.

Ọmọ Gáà Àkànbí: Ìkòkò lèmi ń lọ rà ní tèmi.

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà: Olùkọ́, ẹ má bínú. Àpáta mi ọjọ́sí ṣì wà lẹ́yìn ilé, òjò ọdún kan gbáko ló ti pa á. Ṣé ó ti dára?

Olùkọ́ Òmù-Àrán: Ó lè ti dára, ṣùgbọ́n ẹ rẹ ẹ́ di ọ̀la ká kọ́kọ́ wò ó. Mò ń bọ̀ ní Ọ̀fà lọ́jọ́ Sátidé, màá mú bébà dání.

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà: Àwọn ìbejì ti ń pọnmi sí i báyìí.