Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ilé tuntun ní Jámánì, èló lẹ san fún Notar, òṣìṣẹ́ òfin tó ń ṣe ìwé àdéhùn ilé?

Àdùkẹ́ Köln: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ ra fúláàtì tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́, 400,000 yúrò. Agbélétà ní ká ya nǹkan bíi 2% sọ́tọ̀ fún Notar àti Grundbuch, ìyẹn ìwé tí ìjọba ń kọ orúkọ onílé sí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí fún yín? Ṣé wọ́n máa ń ná an?

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ná kẹ̀? Ọjà Kútọ̀ lẹ pè é ni? 😂

Bàbá Túnjí: Wọn kì í ná an. Òfin ló ka iye rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ gbé e lọ Hamburg, bí ẹ gbé e lọ München, iye kan náà ni.

Ìyá Ìbejì: Àdùkẹ́, owó Notar kọ́ ló dùn mí o, ti ògbufọ̀ ni. Dandan ni kí Notar ka gbogbo ìwé náà sókè sí etí wa. Ó ń kà á bí ẹni tí ọkọ̀ ojú irin fẹ́ fi sílẹ̀, èmi ń mi orí. Àfi bó ṣe dánu dúró, tó bi mí ní ìbéèrè. Mo tún mi orí. Ó ní òun ò ní tẹ̀ síwájú tí mi ò bá gbọ́ Jámánì tó. A tún padà lọ lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú ògbufọ̀, àpò wa lowó ẹ̀ ti jáde.

Kọ́lá: Ṣebí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni wọ́n máa ń fún èèyàn níwèé yẹn. Ẹ ò kà á ni, mà?

Ìyá Ìbejì: Ojú-ìwé 64! Ìwọ ka tìẹ?

Kọ́lá: Ìyàwó mi kà á.

Ọmọ Ẹ̀gbá: 😂😂😂

Bàbá Túnjí: Tèmi rèé, 2021, 400,000 náà, báńkì ló yá mi gbogbo ẹ̀. Àdéhùn 1,570. Iṣẹ́ tí Notar ṣe lẹ́yìn ìyẹn 785. Grundschuld, ìyẹn ìwé tí báńkì fi di ilé náà mú nítorí gbèsè, 785. Ẹ fi owó orí 19% lé e. Grundbuch fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000. Gbogbo ẹ̀ ò pé 6,000. Grunderwerbsteuer, owó orí ilé rírà, ló fojú mi rí màbo: 6.5% ní ìpínlẹ̀ tiwa níbí, 26,000 gbáko! Ní ìpínlẹ̀ Bayern, 3.5% ni.

Tọ́lá Wien: Ní Austria níbí, a ná an o. Agbélétà ló yan lọ́yà, a ò lè pààrọ̀ ẹ̀, àmọ́ ó dín owó fún wa.

Àdùkẹ́ Köln: Agbélétà ló yan Notar tiwa náà. Ṣé kò ní gbè sẹ́yìn ẹ̀?

Kọ́lá: Notar kì í ṣe lọ́yà ẹnì kankan. Àárín ló wà.

Adé Bremen: Inú ìwé nìyẹn wà. Èmi ò tiẹ̀ ra ilé, mo sanwó. Báńkì já mi kulẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta ká fọwọ́ síwèé. Notar ní èmi ni mo ní kóun kọ àdéhùn. Ìmeèlì kan péré ni mo kọ: “Ó dáa, ẹ fi ránṣẹ́.” Ó lé ní ẹgbẹ̀rún yúrò.

Ìyá Ìbejì: Yéè! O san án?

Adé Bremen: Mo san án, mà. Ìyàwó mi ò tíì gbọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ìyàwó ẹ wà níbí o 👀

Adé Bremen: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀??

Bàbá Túnjí: Àdùkẹ́, ẹ yan ibi tẹ́ ẹ máa gbé mọ́tò sí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé. Mo pààrọ̀ tèmi lẹ́yìn ẹ̀, ni mo bá tún dèrò ọ̀dọ̀ Notar. Owó míì.

Ṣadé F.: Ẹ jọ̀ọ́, mo pẹ́ dé. Ta ló mọ ògbufọ̀ tó gbọ́ Yorùbá ní Frankfurt?

Ìyá Ìbejì: Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni tèmi gbọ́, owó tó gbà sì dà bíi tẹni tó gbọ́ èdè ẹyẹ.