Inú òkùnkùn bridge ni kíláàsì mi wà

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ka ìrírí àwọn tó ti sọ níbí bí wọ́n ṣe kọ́ iṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú omi, pàápàá ẹni tó sọ ti yàrá ẹ́ńjìnnì. Kádẹ́ẹ̀tì orí dẹ́ẹ̀kì ni èmi ní tèmi, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń darí ọkọ̀.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi jókòó sílé lẹ́yìn tí mo parí ẹ̀kọ́ inú kíláàsì, tí mò ń wá ọkọ̀ tí yóò gbà mí. Kádẹ́ẹ̀tì tó bá fẹ́ di ọ́físà gbọ́dọ̀ lo oṣù 12 lórí omi, ó kéré tán oṣù 6 nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìṣọ́ lórí bridge, ìyẹn yàrá òkè tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀, lábẹ́ ojú ọ̀gá. Láìsí ìyẹn, pàbó ni ìwé tí èèyàn kà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí mo gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ yẹn ní Àpápá, mi ò bojú wẹ̀yìn.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já àlìkámà sílẹ̀ ni, ó sì ń lọ sí Santos ní orílẹ̀-èdè Brazil lófìfo, láti lọ kó ṣúgà wá. Ọjọ́ bíi méjìlá la lò lójú agbami. Èmi nìkan ni ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Philippines ló pọ̀ jù. Ohun tó kọ́kọ́ mú ara tù mí ni pé àwọn náà kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí. "Kuya" ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó bá jù wọ́n lọ, bí àwa ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n. Kó tó di ọjọ́ kejì, mo ti ń pe bosun, olórí àwọn òṣìṣẹ́ orí dẹ́ẹ̀kì, ní Kuya.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ òru ni fóònù yàrá mi máa ń dún. Ìṣọ́ mẹ́rin sí mẹ́jọ ni wọ́n fi mí sí pẹ̀lú chief officer, igbákejì ọ̀gá ọkọ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá wọ bridge lóru, ẹ ò ní rí ọwọ́ ara yín. Ẹ ó dúró jẹ́ẹ́ títí ojú yín yóò fi mọ òkùnkùn lára. Chief á wá béèrè láti ibi tó dúró sí:

"Iná pupa lápá ọ̀tún wa. Ta ni yóò yẹ̀?"

"Àwa ni, sà."

"Kí ló dé?"

Bí mo bá ka òfin yíyẹ̀ fún ọkọ̀ bí ẹni tó ń ka sáàmù, kò ní gbà. Ó fẹ́ kí n sọ ọkọ̀ tí mo rí, ibi tó dojú kọ, àti bóyá igun tí mo ti ń wò ó ń yí padà. Bí ọkọ̀ bá ń sún mọ́ wa tí igun yẹn ò yí, ìkọlù ló ń bọ̀ yẹn.

Tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ kan wà tí ìràwọ̀ ò tíì wọlé, tí ibi tí omi òun ọ̀run ti pàdé sì ti hàn. Ìgbà yẹn lèèyàn lè fi sextant, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí ìràwọ̀ ṣe ga tó lójú ọ̀run, wọn ìràwọ̀ láti ṣírò ibi tí ọkọ̀ wà. GPS, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ọkọ̀ wà hàn, wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n Chief máa ń fi páálí bò ó. Lọ́jọ́ kan, mo ṣírò, mo ṣírò, ibi tí mo ní a wà fi nǹkan bíi máìlì òkun 15 jìnnà sí ibi tí a wà gan-an. Chief ò bínú. Ó ní kí n yẹ aago tí mo kọ sílẹ̀ wò. Ìṣẹ́jú kan péré ni mo fi ṣì í kọ! Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin tó ìyàtọ̀ máìlì kan.

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, iṣẹ́ bosun ló kàn. À ń sọ̀ kalẹ̀ sínú hold, àwọn yàrá ńlá abẹ́ ọkọ̀ tí ẹrù ń wọ̀. Àlìkámà tó há sẹ́yìn irin ti ń jẹrà, òórùn rẹ̀ kan bí ọtí àná. A fi omi òkun fọ̀ ọ́, a tún fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án, nítorí ṣúgà ò gbọdọ̀ kan iyọ̀. Oúnjẹ wọn dára, kò kàn ní ata. Ata gígún tí ìyá mi dì fún mi ló gbà mí.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin la dá aago ọkọ̀ padà sẹ́yìn lójú ọ̀nà, wákàtí kan nígbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a fi dé etí Santos, tí mo bá bọ́ lórí ìṣọ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́, aago méjìlá òru ti lù nílé. Ìyá mi kì í tíì sùn. Á ti máa dúró de ọ̀rọ̀ mi lórí WhatsApp, bí dátà tí wọ́n pín fún wa bá ṣẹ́ kù. Ìgbà yẹn ni mo máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé kádẹ́ẹ̀tì mi, tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìràwọ̀ Àríwá ti bá omi lọ lẹ́yìn wa tipẹ́, mo wo máàpù, mo rí i pé Bahia ní Brazil ló wà lápá ọ̀tún wa, lọ́nà jíjìn. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá lórí omi yìí, abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n wà. Ẹnu mi wọhò. Chief ò bi mí ní nǹkan kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo gbé sextant, mo wọn ìràwọ̀ mẹ́ta, mo ka aago sókè kí n tó kọ ọ́. Nígbà tó ṣí páálí kúrò lójú GPS, máìlì méjì ni mo fi ṣì í. Ó mú bírò, ó fọwọ́ sí i.