Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá: kọ́lájìn awọ ẹja fún ojú

Àdùkẹ́_Ẹlẹ́yinjú: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ènìyàn mi, èwo ló dáa jù nínú kọ́lájìn awọ ẹja, èròjà purotéènì tó ń mú awọ ara dúró ṣinṣin yẹn? Ìgbéyàwó àbúrò mi ti dé tán, abẹ́ ojú mi sì ti ń hun jọ. Ẹ ṣé.

Apòògùn: Mímu ni àbí pípa? Bó bá jẹ́ ìpara, má náwó sí i. Kọ́lájìn tóbi ju ohun tó lè wọnú awọ ara lọ. Òkè ló máa dúró sí, á kàn mú ojú rọ̀ fúngbà díẹ̀. Bó bá jẹ́ mímu, èyí tí wọ́n kọ "hydrolysed" sí lára ni kó o wá, wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́ kí ara lè tètè gbà á. Gíráàmù 2.5 sí 10 lójúmọ́ ni wọ́n sábà fi ń ṣèwádìí, fún bí ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Ìgbéyàwó á ti kọjá.

Ìyá_Ìbejì: Sá fún un! Mo mu ún lálẹ́, kí n tó sùn ètè mi ti wú, ọ̀fun mi ń há. Ilé ìwòsàn ni ilẹ̀ mọ́ bá mi.

Ọmọ_Odò: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún yín?

Ìyá_Ìbejì: Ayédèrú kẹ̀! Ilé ìtajà òògùn ni mo ti rà á. Edé nìkan ni ara mi kì í gbà, mo ń jẹ ẹja.

Apòògùn: Ẹ má bínú mà. Ọ̀tọ̀ ni edé, ọ̀tọ̀ ni ẹja, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan náà lè lọ méjèèjì. Ẹ má fẹnu kàn án mọ́ títí dókítà yóò fi yẹ̀ yín wò.

Ewé_Tútù: Mo gbọ́ pé ní Brazil, awọ ẹja tilapia ni wọ́n fi ń bo egbò iná. Ṣé ó lè pa àpá iná àtijọ́ rẹ́?

Ọmọ_Odò: Rárá o, egbò tuntun ni wọ́n ń lò ó fún, àwọn dókítà ló sì ń pa kòkòrò ara rẹ̀ kí wọ́n tó lò ó. Má gbé ti ilé ìdáná lé ara.

Alápá_Kan: Èmi ò gbà pé mímu ń ṣiṣẹ́. Inú á tú u palẹ̀ bó ṣe ń tú ẹran. Ta ni yóò júwe ọ̀nà ojú fún un?

Apòògùn: Wọ́n rí ègé rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó mu ún. Àwọn ìwádìí kan sì ní awọ ara wọn túbọ̀ rọ̀.

Alápá_Kan: Àwọn tó ń tà á ló náwó sí púpọ̀ nínú ìwádìí yẹn! Oòrùn àti sìgá ló ń ba kọ́lájìn ojú jẹ́. Ìpara tó ń dènà oòrùn, SPF (nọ́ńbà tó ń fi agbára ìdènà oòrùn hàn) 30 sókè, lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni kí owó rẹ lọ.

Àdùkẹ́_Ẹlẹ́yinjú: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ra oníyẹ̀fun, ẹja ò bá mi jà rí. Alẹ́ òní ni màá bẹ̀rẹ̀. Tí ìgbéyàwó bá parí, màá wá ìpara oòrùn yẹn.

Ìyá_Ìbejì: Ọmọ mi, má mu ún lálẹ́. Ojú ọ̀sán ni kó o mu ún, díẹ̀ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, kí ènìyàn sì wà nítòsí rẹ.