Xeon E-2314 àbí EPYC 4124P? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ní ilé oògùn kékeré ní Sábó, Ìkòròdú. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló ń lo àkọsílẹ̀ ọjà kan ṣoṣo. Èyí tó gbé e dání ti ń kú lójijì. Ní Sátidé, àwọn oníbàárà tò dé ẹnu ọ̀nà, èmi ń fi bírò kọ rìsíìtì!

Server gidi (kọ̀ǹpútà tí yóò máa gbé àkọsílẹ̀ náà fún àwọn yòókù) ni mo fẹ́ rà báyìí, chip tí yóò wà nínú rẹ̀ ni mò ń yàn: Xeon E-2314 ti Intel àbí EPYC 4124P ti AMD. Core mẹ́rin ni méjèèjì ní, wáàtì 65 náà ni wọ́n kọ sí wọn (inverter wa á gbé e), wọ́n sì gba ECC (memory tó ń tún àṣìṣe inú ara rẹ̀ ṣe). Àmọ́ thread (iye iṣẹ́ tí chip lè máa ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) mẹ́jọ ni ti EPYC, mẹ́rin ni ti Xeon. Ọkàn mi ń fà sí EPYC, ṣùgbọ́n memory DDR5 ló ń jẹ, DDR4 sì wà nílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ bá jó ńkọ́, ṣé màá rí òmíràn ní Computer Village, Ìkẹjà?