Ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Sípáníìṣì wo ni ó dójú tì yín?

Àdùkẹ́: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo ìwé tí mo fi ń kọ́ èdè Sípáníìṣì láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ni mo sì fi ń to gbólóhùn pọ̀ nínú ọkàn mi kí n tó la ẹnu. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ sọ fún olùkọ́ mi pé ìdánrawò ti sú mi, mo wí pé «soy aburrida». Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èmi kì í sú òun ní tòun. Ohun tí mo sọ ni pé èmi fúnra mi ni ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń súni. «Estoy» ni ó yẹ kí n lò. Ọ̀rọ̀-ìṣe wo ni ó dójú ti ẹ̀yin?

Àkàngbé: Àbúrò mi, ser àti estar, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tí «soy» àti «estoy» rẹ ti jáde, tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi «to be» kan ṣoṣo sọ, kò tíì fi mí lọ́rùn sílẹ̀ títí di òní. Ìwé tí mo kọ́kọ́ rà sọ pé ser wà fún ohun tí kì í yí padà, estar sì wà fún ohun tí yóò kọjá lọ, mo sì di òfin yìí mú gírígírí títí di ọjọ́ tí mo kà á nínú ìwé ìròyìn pé ọkùnrin kan «está muerto», ó ti kú. Mo gbé ìwé ìròyìn náà sílẹ̀, mo bi ara mi pé ìgbà wo ni ó fẹ́ jí. Kò pẹ́ sí i ni mo gbọ́ «la sala está en el segundo piso», yàrá náà wà ní àjà kejì, mo ní ó dára. Àfi bí wọ́n ṣe tún wí pé «la reunión es en el segundo piso». Yàrá tí kò lè rìn ni wọ́n fún ní estar, ìpàdé tí yóò tú ká ní wákàtí kan ni wọ́n fún ní ser! Ìwé náà purọ́ fún mi.

Táyélolú: Òkú yẹn ni ó da gbogbo wa láàmú.

Ìbídùn: Ìwé náà kò purọ́, ẹ̀gbọ́n Àkàngbé, ó kàn gé ọ̀rọ̀ kúrú ni. Ipò tí nǹkan bọ́ sí lẹ́yìn ìyípadà ni estar ń sọ, ìbáà jẹ́ ipò tí kò ní yí padà mọ́: ilẹ̀kùn «está abierta», ó ṣí sílẹ̀; ife «está roto», ó ti fọ́; òkú «está muerto». Ní ti ìpàdé, ibi tí nǹkan ti ń wáyé ni ser ń tọ́ka sí níbẹ̀.

Fọlákẹ́: Ife tí Ìbídùn dárúkọ ni ó rán mi létí tèmi. Ọ̀dọ̀ ìdílé kan ní orílẹ̀-èdè Spéìn ni mo gbé ní ọdún tí mo ń kọ́ èdè náà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ife gíláàsì bọ́ sílẹ̀ níbi tí mo ti ń fọ abọ́, mo sì kígbe sí ìyá ilé láti ibi ìdáná pé «rompí el vaso», mo fọ́ ife, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìwé mi ṣe kọ́ mi. Ó yọjú, ó wo àfọ́kù, ó wo ojú mi, ó sì rọra béèrè bóyá ẹnìkan ti múnú bí mi. Ọmọ rẹ̀ kékeré ni ó bá mi tún un ṣe: «se me rompió». Ife ni olùwà. Èmi kàn jẹ́ ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí. Ìgbà tí mo dùbúlẹ̀ lóru ni ó tó yé mi pé bẹ́ẹ̀ náà ni Yorùbá ṣe ń wí i: ó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé mi gba ọ̀nà jíjìn.

Àkàngbé: Á à! «Se me cayó», ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. «Se me olvidó», iyè mi fò ó. Ọdún mélòó ni mo ti fi ṣòfò?

Táyélolú: «Me duele la cabeza»: orí ń fọ́ mi. Orí ni ó ń ṣe iṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe èmi. «Me gusta» náà ńkọ́? Ó wù mí. Ojú ìwé mẹ́ta gbáko ni ìwé Gẹ̀ẹ́sì tèmi fi ṣàlàyé ìyẹn.

Oníyèméjì: Ẹ rọra o. Lákọ̀ọ́kọ́, «rompí» kò túmọ̀ sí pé ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ ife, mo sì fura pé ìyá náà ń bá Fọlákẹ́ ṣeré ni. Lẹ́ẹ̀kejì, bí èdè Yorùbá bá jẹ́ afinimọ̀nà tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi ń wí pé «tengo hambre», mo ní ebi? Èmi tí mo tẹ̀lé Yorùbá, tí mo wí pé «me mata el hambre», gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sáré dìde bí ẹni pé mo ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yí padà: mo wá, o wá, wọ́n wá. Tiwọn lè ní ìrísí mẹ́fà fún àsìkò kan ṣoṣo. Ta ni yóò bá yín kọ́ ìyẹn sórí?

Fọlákẹ́: Kò bá mi ṣeré. Mo rí ojú rẹ̀.

Bàbá Àlàbí: Ẹ̀yin ọmọ mi, Oníyèméjì kò jayò pa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bá àgbàlagbà kan sọ̀rọ̀, mo ní èmi tí a fi «ẹ» tọ́ dàgbà kò lè kùnà nínú ọ̀wọ̀, mo sì fi «ustedes» pè é. Bàbá náà bojú wẹ̀yìn láti wo àwọn yòókù. «Usted» ni ọ̀wọ̀ fún ẹnìkan ṣoṣo, ara «vuestra merced», bí ẹni wí pé «ọlá yín», ni ó sì ti wá, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ fi rí bíi ti ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn: «usted tiene», «él tiene».

Yétúndé: Tèmi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ẹ jọ̀wọ́. Níbi iṣẹ́ ni mo ti kọ lẹ́tà pé «no quise viajar». Èrò mi ni pé ìrìn àjò náà kò wù mí, síbẹ̀ mo lọ. Àwọn tí wọ́n kà á ní mo kọ̀ láti lọ. «No quería» ni kò wù mí. «No quise» ni mo kọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni «sabía», mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àti «supe», ìgbà náà ni mo tó mọ̀.

Kẹ́hìndé: Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, ẹ fetí sílẹ̀. Mo kọ «ya pago», èmi ni mo ń san án, níbi tí ó ti yẹ kí n kọ «ya pagó», ó ti san án. Dípò kí wọ́n mọ̀ pé ẹnì kejì mi ti san owó, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wò títí di ìrọ̀lẹ́.

Táyélolú: Kẹ́hìndé, ìwọ gan-an kò fi àmì kankan sí ọ̀rọ̀ rẹ lánàá.

Ìbídùn: Oníyèméjì, ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan síwájú yín. Ẹ wo subjuntivo, ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe fún ohun tí a fẹ́ tàbí tí kò tíì dájú, tí gbogbo ìwé Gẹ̀ẹ́sì fi ń dẹ́rù bani. «Digo que viene»: mo ní ó ń bọ̀. «Digo que venga»: mo ní kí ó wá. «Kí» kékeré yẹn ni ó ṣe gbogbo iṣẹ́. «Cuando llegó»: nígbà tí ó dé. «Cuando llegue»: nígbà tí ó bá dé, «bá» ni ó fi hàn pé onítọ̀hún kò tíì dé.

Oníyèméjì: «No creo que venga» ńkọ́? N kò gbà pé ó ń bọ̀. Níbo ni «kí» wà níbẹ̀?

Ìbídùn: Kò sí níbẹ̀. Èyí ni kí ẹ kọ́ sórí.

Oníyèméjì: Ó dára. Ẹ borí mi lórí «bá». Ẹ kò tíì borí mi lórí «kí».

Àdùkẹ́: Ẹ ti gbàgbé ser tèmi pátápátá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé sí olùkọ́ mi láti béèrè ìgbà tí a óò tún pàdé, ó sì fèsì pé «cuando quieras». «Quieras» kò sí nínú àtẹ tí mo kọ́ sórí.

Táyélolú: Nígbà tí o bá fẹ́.